Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Ta? Ọ̀rọ̀ Pétérù àti Póòpù Lẹ́nu Bodè Ìdí-Ìrókò

Ará Ìdí-Ìrókò mọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ ń jẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti bodè ilẹ̀ Nàìjíríà pa. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà. Abuja ni ẹni tó pàṣẹ náà wà, ṣùgbọ́n ìdílé tó ní ìyá ní Ìgólò, tó ní baba ní Ìpókíá, ló jẹ ìyà rẹ̀. Ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú ló lè sọ pé kí ilẹ̀kùn ṣí tàbí kó tì. Ará bodè kò nílò olùkọ́ kó tó mọ èyí.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà ló wà nídìí ọ̀kan nínú àríyànjiyàn tó pẹ́ jù láàrin àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi. Nínú ìwé Mátíù orí kẹrìndínlógún, Jésù yí orúkọ Símónì padà sí Pétérù, ó sọ̀rọ̀ nípa àpáta tí òun yóò kọ́ ìjọ òun lé, ó sì ṣèlérí kọ́kọ́rọ́ ìjọba ọ̀run fún un. Ta ni àpáta náà? Ṣé kọ́kọ́rọ́ yìí bá Pétérù wọ sàréè ni, àbí gbogbo àpósítélì ló jọ ni ín, àbí ó ṣì wà lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù Róòmù títí di òní? Nígbà tí àwọn kádínà yan Póòpù Leo Kẹrìnlá ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìbéèrè wọ̀nyí tún gba ẹnu àwọn ènìyàn. Bí àwọn kan ṣe ń yọ̀ pé Bàbá Mímọ́ ti dé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń bèèrè pé inú ẹsẹ Bíbélì wo ni wọ́n ti rí Póòpù.

Ẹni tó bá rò pé àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, kó wo ìgbéyàwó lẹ́nu bodè. Ọmọbìnrin láti Ìgólò, tí wọ́n tọ́ ní Ìjọ Àgùdà, bá ọmọkùnrin Áńgílíkà tàbí Onítẹ̀bọmi láti Ìdí-Ìrókò pàdé. Èdè wọn kan náà ni, oúnjẹ wọn kan náà ni, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn òbí wọn ti máa pàdé lọ́jà tipẹ́. Ṣùgbọ́n òfin Àgùdà ní kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó náà, kí ọmọbìnrin yìí sì ṣèlérí pé òun yóò sa gbogbo ipá òun láti mú kí àwọn ọmọ di Àgùdà. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọkọ kì í bá aya rẹ̀ jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa nínú Máàsì. Gbogbo ìwọ̀nyí so mọ́ ìbéèrè kan: ta ló ní àṣẹ nínú ìjọ, ibo ló sì ti rí i gbà?

Ìtàn tó pín wọn níyà

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ òótọ́ kan tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jiyàn nípa Póòpù lágbègbè Yewa kò ti inú Bíbélì rí ìhà tí wọ́n wà. Inú ìtàn ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà gba Àgbádárìgì wọlé láti ọdún 1842, wọ́n sì gba ibẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Àwọn fadá ìjọ àwọn ajíhìnrere ilẹ̀ Áfíríkà ti ìlú Lyon ní Faransé gúnlẹ̀ sí Wídà ní ọdún 1861, láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn sì ti nà dé Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, àti Èkó. Kí fadá kankan tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó pàápàá, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà dé ti ń gbàdúrà ní ìlànà Róòmù níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni orúkọ Àgùdà ti wá.

Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà láàrin ilẹ̀ Èkó àti ilẹ̀ Àjàṣẹ́, láìbi ará ibẹ̀ léèrè. Ìlà náà la ìdílé kọjá. Ìhà Faransé gba fadá púpọ̀, ìhà Gẹ̀ẹ́sì gba Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì wà níhà méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bú ẹnì kejì rẹ̀ nítorí Póòpù, ìbá dára kó rántí pé bí wọ́n bá bí òun sí òdìkejì ọ̀nà ni, ó ṣeé ṣe kí òun náà máa gbàdúrà fún Póòpù láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

Èdè pàápàá pín wọn. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá yóò rí Pétérù, yóò sì rí àpáta, etí rẹ̀ kò sì ní gbọ́ ohun tó so méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n lédè Faransé, Pierre ni orúkọ àpósítélì náà, pierre ni wọ́n sì ń pe òkúta. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìgólò tó bá gbọ́ ẹsẹ yìí lédè Faransé kò nílò àlàyé kankan: orúkọ ọkùnrin náà ni òkúta. Àbúrò rẹ̀ ní Ìdí-Ìrókò tó kà á ní Yorùbá lè rò pé nǹkan méjì ni Jésù ń sọ.

Ohun tí Àgùdà rí nínú Ìwé Mímọ́

Àlàyé àwọn Àgùdà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ̀dè Árámáíkì ni Jésù ń sọ, Kéfà ni orúkọ tó sì fún Símónì, gẹ́gẹ́ bí Jòhánù orí kìíní ti jẹ́rìí. Àpáta ni Kéfà. Àwọn tó gbé e lọ sí èdè Gíríìkì ló di dandan fún láti pe ọkùnrin ní Petros, kí wọ́n sì pe àpáta ní petra, nítorí pé petra jẹ́ orúkọ ti abo. Yorùbá kò ní ṣòroó yé nínú ọ̀rọ̀ yìí: ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí a bá fún ní orúkọ tuntun lójú agbo, iṣẹ́ tuntun ni a gbé lé e lọ́wọ́.

Wọ́n tún ní kí a wo kọ́kọ́rọ́ náà dáadáa. Nínú ìwé Aísáyà orí kejìlélógún, Ọlọ́run gba ipò lọ́wọ́ Ṣébínà tó jẹ́ olórí ààfin, ó gbé e fún Élíákímù, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ ilé Dáfídì lé e léjìká. Ipò ni èyí: bí ẹnì kan bá kúrò, ẹlòmíràn ń bọ́ sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní àṣẹ Pétérù kò lè bá a kú. Wọ́n fi Lúùkù orí kejìlélógún kún un, níbi tí Jésù ti gbàdúrà fún Pétérù nìkan, tó sì ní kó fún àwọn arákùnrin rẹ̀ lókun, àti Jòhánù orí kọkànlélógún, níbi tó ti sọ fún un nígbà mẹ́ta pé kó tọ́jú àgùntàn òun. Lẹ́yìn èyí, ìtàn gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Bíbélì: Róòmù ni Pétérù kú sí, nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 180, Irenaeus bíṣọ́ọ̀bù Lyon ti ń ka orúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Róòmù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Línù.

Ohun tí àwọn yòókù fi ń dáhùn

Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní ìdáhùn tó lágbára pẹ̀lú. Wọ́n ní nínú Mátíù orí kejìdínlógún, àṣẹ láti dè àti láti tú ni Jésù fún gbogbo ọmọ ẹ̀yìn. Nínú ìwé Éfésù orí kejì, àwọn àpósítélì àti àwọn wòlíì lápapọ̀ ni ìpìlẹ̀, Kristi fúnra rẹ̀ sì ni òkúta igun ilé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìkọlà dá ìjà sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, Pétérù sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Jákọ́bù ló sọ ìpinnu tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà. Ní Áńtíókù, Pọ́ọ̀lù dojú kọ Pétérù níṣojú gbogbo ènìyàn, ó ní ó jẹ̀bi. Nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, alàgbà láàrin àwọn alàgbà ni Pétérù pe ara rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún àwọn olùṣọ́ àgùntàn pé kí wọ́n má ṣe jẹ ọ̀gá lé agbo lórí.

Ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń fi kún un pé òkúta kékeré ni Petros, àpáta ńlá ni petra, pé ìgbàgbọ́ tí Pétérù jẹ́wọ́ ni àpáta náà. Apá yìí ni àlàyé wọn ti rọ jù, nítorí Kéfà ti Árámáíkì. Àwọn onímọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì kan gan-an, irú bí Oscar Cullmann tí ìwé rẹ̀ lórí Pétérù jáde ní ọdún 1952, gbà pé Pétérù fúnra rẹ̀ ni àpáta. Ibi tí wọ́n ti yà ni pé ìpìlẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi lélẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A fi Pétérù ṣe ìpìlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Kò sí ibi tí Mátíù ti dárúkọ Róòmù, kò sì sí ibi tó ti dárúkọ arọ́pò.

Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti ìlà oòrùn dúró sí àárín. Wọ́n gbà pé ipò iyì ìṣáájú tọ́ sí Róòmù láàrin àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Ohun tí wọn kò gbà ni pé kí bíṣọ́ọ̀bù kan máa pàṣẹ fún gbogbo ayé. Ìpàdé tó wáyé ní Chalcedon ní ọdún 451 fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe díjú hàn. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ gba lẹ́tà Leo Kìíní ti Róòmù tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n kígbe pé ohùn Pétérù ni àwọn gbọ́. Síbẹ̀, àwọn kan nínú wọn ṣe òfin ní ìpàdé kan náà pé ìdí tí àwọn baba fi bu iyì fún Róòmù ni pé ìlú ọba ni. Leo kọ òfin náà. Títí di òní, Àgùdà ń tọ́ka sí igbe yẹn, Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ń tọ́ka sí òfin yẹn. Ọdún 1054 ni wọ́n máa ń kà sí ọdún tí wọ́n pínyà.

Àwọn ọmọ Áfíríkà ti dá sí i

Ó yẹ kí ará Áfíríkà mọ̀ pé ìjà àwọn òyìnbó nìkan kọ́ nìyí. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, kọ̀wé ní ọdún 251 pé láti ara Pétérù ni ìṣọ̀kan ìjọ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, nígbà tí Stephen ti Róòmù fẹ́ pàṣẹ fún un lórí ìrìbọmi àwọn tó ti inú ẹ̀kọ́ òdì bọ̀, Cyprian kó àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà jọ, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè sọ ara rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù lórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ìjókòó Pétérù náà ló takò ẹni tó jókòó lórí rẹ̀. Síbẹ̀, èrò Stephen lórí ìrìbọmi ni ìjọ ìwọ̀ oòrùn tẹ̀lé nígbẹ̀yìn.

Augustine ti Hippo tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ tó ju èyí lọ. Nígbà tó dàgbà, tó ń tún àwọn ìwé tó ti kọ yẹ̀ wò, ó jẹ́wọ́ pé nígbà kan òun ti wàásù pé Pétérù ni àpáta, pé lẹ́yìn náà òun wàásù pé Kristi tí Pétérù jẹ́wọ́ ni. Ó ní kí òǹkàwé mú èyí tó bá tọ́ jù lójú rẹ̀. Leo Kẹrìnlá tó jókòó ní Róòmù lónìí, inú ẹgbẹ́ àwọn fadá tó ń jẹ́ orúkọ Augustine yìí ló ti wá. Bí baba ńlá ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lè fi ẹsẹ náà sílẹ̀ fún òǹkàwé, ó yẹ kí àwọn tó ń fi í lu ara wọn lẹ́nu bodè rọra.

Ó tún yẹ kí a bu irọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Àgùdà gbà pé Póòpù kì í dẹ́ṣẹ̀. Wọn kò gbà bẹ́ẹ̀; Póòpù ní ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún. Ohun tí ìgbìmọ̀ Vatican Kìíní fi lélẹ̀ ní ọdún 1870 ni pé nígbà tó bá sọ̀rọ̀ láti orí ìjókòó rẹ̀, tó sì fi ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tàbí ìwà lélẹ̀ fún gbogbo ìjọ, kò lè ṣìnà. Lẹ́yìn ọdún náà, ìgbà tí gbogbo ènìyàn gbà pé wọ́n lo àṣẹ yìí ni ọdún 1950, lórí bí wọ́n ṣe gbé Màríà lọ sí ọ̀run. Ní ọdún 1995, John Paul Kejì, Póòpù tó ti wá sí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé kí àwọn aṣáájú ìjọ yòókù bá òun wá ọ̀nà tí ipò òun yóò fi ṣiṣẹ́ fún ìṣọ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀ pé ipò òun ń dá ìyapa sílẹ̀, tó sì ní kí a jọ jókòó sọ ọ́, kò yẹ ní ẹni tí à ń pè ní aṣòdì sí Kristi lójú títì.

Ilé oníkálukú

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibí, kí oníkálukú wo ilé ara rẹ̀. Ìlànà ìgbàgbọ́ Áńgílíkà sọ pé bíṣọ́ọ̀bù Róòmù kò ní àṣẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Canterbury wá di ohun tí a ń wò bí olú. Ní ọdún 2005, Áńgílíkà ilẹ̀ Nàìjíríà yọ ọ̀rọ̀ Canterbury kúrò nínú òfin rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn aṣáájú GAFCON, tí Nàìjíríà jẹ́ òpó ńlá nínú rẹ̀, kéde pé àwọn yóò dá dúró láìsí Canterbury. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn: bí olórí bá ṣìnà, ta ló lè sọ fún un?

Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sún mọ́ ilé ju èyí lọ. Àjàṣẹ́ ni Samuel Bilehou Oshoffa ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1947. Ó dé Nàìjíríà, ó gbilẹ̀, Ìmẹ̀kọ ní ilẹ̀ Yewa ni wọ́n sì sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní ọdún 1985. Ìjà lórí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Alexander Bada gba ipò náà ní ọdún 1987. Lẹ́yìn tí òun náà kú ní ọdún 2000, ìjọ náà pín sábẹ́ olórí ju ẹyọ kan lọ, ìhà Bẹ̀nẹ̀ àti ìhà Nàìjíríà kò sì fi ohùn ṣọ̀kan. Kò sí Póòpù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Póòpù ni wọ́n ń jà sí: ṣé àṣẹ ẹni àkọ́kọ́ ń kọjá sí ẹlòmíràn, ta ló sì mọ ẹni tó kọjá sí?

Ewu òdìkejì náà wà. Ní Banamè, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn kan yapa kúrò lára Àgùdà, wọ́n tẹ̀ lé obìnrin kan tó ní òun ni Ọlọ́run, wọ́n sì fi ẹni tó jẹ́ fadá tẹ́lẹ̀ jẹ Póòpù tiwọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ní Àjàrá lẹ́bàá Àjàṣẹ́, àwọn ọmọlẹ́yìn wọn kan kú sínú yàrá tí wọ́n dí pa, tí èéfín kún, nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà. Àṣẹ tí kò sí ẹni tó lè bi í léèrè, bó ṣe ń pani nìyẹn.

Àwọn tó ń bú Póòpù jù ní àgbègbè yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní póòpù kékeré tiwọn. Wòlíì wọn ló ń yan aya fún wọn, òun ló ń sọ bóyá kí wọ́n ta ilẹ̀ tàbí kí wọ́n má tà á. Kò sí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé owó rẹ̀ wò, kò sí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ tó dè é, bó bá sì kú, ọmọ rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ ni yóò jókòó. Póòpù ti Róòmù, ìgbìmọ̀ kádínà ló yàn án, òfin ìjọ wà, ẹ̀kọ́ àwọn tó ti ṣáájú rẹ̀ sì dè é. Ẹni tó bá kọ ti Róòmù nítorí Bíbélì, ó yẹ kó fi Bíbélì kan náà wọn ti àdúgbò rẹ̀.

Ohun tó hàn gbangba nínú gbogbo èyí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó. Bíbélì fún Pétérù ní ipò ìṣáájú; ó yẹ kí Pùròtẹ́sítáǹtì dẹ́kun ṣíṣe bí ẹni pé kò rí i. Bíbélì kò dárúkọ Róòmù, kò sì dárúkọ arọ́pò. Ó yẹ kí Àgùdà gbà pé láti ibẹ̀ lọ, ìtàn àti àṣà ìjọ ni àwọn gbára lé, ohun tí àwọn onímọ̀ tiwọn náà kò sì fi pamọ́ nìyẹn. Ibi tí ìwé mímọ́ bá dákẹ́ sí, kò tọ́ kí ìyá ọkọ fi lé ìyàwó jáde, tàbí kí àna kọ̀ láti wá síbi ìsìnkú àna. Kí ìdílé méjèèjì bá fadá àti pásítọ̀ jókòó kí ìgbéyàwó tó dé, kí wọ́n sọ ti ọmọ àti ti ìrìbọmi sílẹ̀ kedere, dípò kí wọ́n dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kí wọ́n tó jà.

Nígbà tí bodè tì, àwọn ará Ìdí-Ìrókò àti Ìgólò kò torí ìyẹn di àjèjì sí ara wọn. Àṣẹ tí Jésù fún Pétérù létí òkun ni pé kó bọ́ àgùntàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun, ní Róòmù tàbí ní Ìmẹ̀kọ, ní kàtídírà tàbí ní yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ọjà, kí a wo ẹnu àgùntàn bóyá wọ́n yó.